Aago Tí Kò Gbọ́ Ọkàn Mọ́mì

Ajé, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ

Wọ́n dá Mọ́mì sílẹ̀ ní ọsibítù lónìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣẹ́ wà nínú sìmẹ́ńtì funfun, ìka nìkan ló yọ síta, ó sì ti ń bá mi jà kí a tó délé. Ó ní èwo ni ti ilé mi, ṣé òun ò ní ilé ni? Mo ní, "Mọ́mì, inú ilé yẹn lẹ ti ṣubú." Ó ní, "Ilé náà kọ́ ló tì mí."

Dókítà, obìnrin kúkurú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti là á yé wa. Egungun tó ṣẹ́ á jinná. Ohun tó fa ìṣubú ló ń kọ òun lóminú. Ọkàn Mọ́mì a máa sáré lójijì, òyì a sì gbé e. Ó ti fún un ní oògùn. Ó ní kó máa rìn láràárọ̀, kí a sì wá aago tó ń ka ìlùkìkì ọkàn sí i lọ́rùn ọwọ́, kí a máa ṣọ́ ọ. Bí ọkàn bá fara balẹ̀ títí wọ́n á fi tú sìmẹ́ńtì, Mọ́mì lè padà lọ dá gbé. Bí kò bá fara balẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́.

Bọ̀dá mi ti pè láti ìlú tó ń gbé. Òun ti parí ìpinnu tirẹ̀: kí Mọ́mì wá máa bá òun gbé, kí a fi ilé fún ayálégbé. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ pàápàá. Bọ̀dá mi yìí, kí ẹnikẹ́ni tó sín, ó ti mú áńkáṣíìfù dání.

Mọ́mì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Kò sì jẹun alẹ́ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Aṣọ iléèwé tí màá rán ti ń rọ́ wọlé: búlúù onílà fún àwọn kékeré, kákí fún àwọn àgbà. Gbogbo ìyá ló fẹ́ kí ti ọmọ tòun kọ́kọ́ jáde, gbogbo wọn ló sì ń pe ara wọn ní oníbàárà mi àtijọ́, títí kan èyí tí mi ò rí rí láyé mi. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ ń wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Bí mo ṣe ń gé aṣọ ni mò ń bèèrè aago lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá yọjú. Ọ̀kan ní tòun ń ka ìṣísẹ̀ nìkan, kò mọ ohunkóhun nípa ọkàn. Òmíràn ní tòun ń ka ọkàn dáadáa, àmọ́ kò ju oṣù méjì lọ tó fi kú. Ẹnì kẹta, tí tirẹ̀ dára tó sì ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dárúkọ iye tó rà á. Mo gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Iye yẹn, màá rán ṣòkòtò kákí títí ojú mi á fi fọ́. Lásìkò yìí mi ò fi owó ronú mọ́, ṣòkòtò ni mo fi ń ronú.

Mọ́mì jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka ọwọ́ òsì já òwú tó yọ lára àwọn aṣọ tí mo ti parí. Ó ní òun ò lè máa wo òrùlé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

A lọ sọ́dọ̀ onífóònù tó wà ní ìkóríta. Ojúlówó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò tíì ta ohun kan rí tí kò pè ní ojúlówó, títí kan ṣájà tó jó nílé wa lọ́dún tó kọjá.

Ó to aago mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, owó rẹ̀ ò ju ṣòkòtò mẹ́ta lọ, àmọ́ nọ́ńbà ojú rẹ̀ kéré débi pé èmi tí mo ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ní láti fi ojú wá a. Ìkejì ni irú ti oníbàárà ẹlẹ́ẹ̀kẹta àná. Mo ní kó tètè gbé e kúrò níwájú mi kí n má baà fọwọ́ kàn án. Ìkẹta fẹjú, ó ní igun mẹ́rin, nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, omi ò lè pa á, iná rẹ̀ sì ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí a tó ṣájì rẹ̀. Owó rẹ̀ wà láàárín, àmọ́ apá òkè láàárín ni.

Mo fẹ́ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rò pé màá máa ka nọ́ńbà fún Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ojú Mọ́mì ti wà lára ti fífẹ̀.

"Èyí," ló wí.

"Mọ́mì, kò wúwo jù?"

"Ó fẹ̀. Ó wù mí."

Mo mọ ohun tó ń rò. Àpá iná kan wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀ tó máa ń fi ẹ̀gbà fàdákà fífẹ̀ bò. Láti kékeré la ti mọ̀ pé a kì í bèèrè ọ̀rọ̀ àpá yẹn. Aago fífẹ̀ á rọ́pò ẹ̀gbà, á sì bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo nájà títí Ojúlówó fi ń bu òógùn, ó yọ díẹ̀ fún wa, mo san án pẹ̀lú ìrora.

Mọ́mì kọ̀ kí n bá òun so ó. Ó kọjú sí ògiri, ó fi ìka ọ̀tún tó yọ nínú sìmẹ́ńtì àti eyín rẹ̀ bọ́ ẹ̀gbà, ó fi so aago. Ó pẹ́. Oníbàárà méjì ti rà, wọ́n ti lọ, ó ṣì ń so ó. Nígbà tó yíjú padà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú aago náà kò sọ nǹkan kan. Ojúlówó ní, "Á gba àsìkò díẹ̀ kó tó mọ̀ yín, Mọ́mì. Ojúlówó ni."

Ó so ó mọ́ fóònù mi. Bọ̀dá tún pè síbẹ̀, ó ní àfi kí òun náà máa rí i. Ojúlówó so ó mọ́ tirẹ̀ náà.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Aago náà kò tíì mọ Mọ́mì. Ìlà méjì lásán ló ń gbé jáde níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Mo fà á mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa, ìlà méjì. Mo dẹ̀ ẹ́, ìlà méjì.

Mọ́mì ní, "Ó ti wo inú mi, ó ní mi ò sí níbẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo rí i tó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ nígbà tó rò pé mi ò wo òun.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú òní mọ́.

Mọ́mì jókòó, ó ń mu tíì. Ó ń sọ fún mi pé ṣòkòtò kan tí mo gbé kọ́ kò dọ́gba, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ (òótọ́ ni). Lójijì ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó ń pariwo. Mo wo ojú rẹ̀: ọgọ́sàn-án! Kí n tó dìde, fóònù ti ń dún, Bọ̀dá ni. Ó ń kígbe, "Gbé e lọ! Gbé e lọ!" bí ẹni pé mo fẹ́ tà á.

Mi ò rántí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. A dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tiwọn sí i: ọkàn Mọ́mì ń lọ jẹ́jẹ́. Mo ní kó tún un wò. Jẹ́jẹ́ náà ni. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé ó wá, ó sì ti lọ kí a tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ máa ń ṣe. Ó ní kí a máa ṣọ́ ọ.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, Mọ́mì ní, "Nǹkan kan ò ṣe mí o. Mi ò mọ nǹkan kan lára." Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ìwọ gbọ́, àmọ́ o ò gbà mí gbọ́."

Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́?

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mọ́mì wọ yàrá lọ bọ́ aago fún mi, mo gbé e padà lọ sọ́dọ̀ Ojúlówó. Ìlà méjì, ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà méjì, àádọ́ta. Aago wo ló ń ṣe báyìí? Mo ti mú un lọ́kàn pé màá bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rí mi, ó ní, "Àǹtí Aránṣọ, ẹ káàbọ̀, ṣé ẹ tún fẹ́ ra ọ̀kan ni?"

Orí mi gbóná. Gbogbo ohun tí mo sọ, mi ò lè kọ ọ́ síbí torí àwọn ọmọ mi lè kà á lọ́jọ́ kan. Mo pè é ní òpùrọ́, mo pè é ní oníjìbìtì. Mo ní ìyá ẹlòmíràn ló fẹ́ fi pàtẹ ọjà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dìde, wọ́n ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó gba aago náà lọ́wọ́ mi. Ó so aago náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ka ọkàn rẹ̀ ketekete. Ó so ó mọ́ tèmi, ó ka tèmi, ó sì ga, torí inú ń bí mi. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló dé tí kò ka ti Mọ́mì?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ó fún mi ní tuntun mìíràn láìgba kọ́bọ̀, kí n sá ti kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun.

Ajé, ogúnjọ́

Aago tuntun. Ìlà méjì. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ooru mú. Mo ti ń rán kọ́là búlúù láti àárọ̀, ìka mi ti bó.

Àárọ̀ ni èmi àti Mọ́mì máa ń rìn yí pápá ìṣeré ká kí oòrùn tó mú. Èmi ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mọ́mì á dúró dè mí, á máa wo ẹyẹ. Òyì kò tún gbé e láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń pariwo mọ́ mi, ó ń ṣe àríwísí ọbẹ̀ mi. Bí mo bá ń fi ojú lásán wò ó ni, màá ní ara rẹ̀ ti yá.

Ṣùgbọ́n lónìí, ogójì ni aago sọ. Bọ̀dá pè. "Ogójì, àbúrò! Ogójì! Ṣé o mọ ohun tí ogójì túmọ̀ sí?" Mi ò mọ̀. Òun náà kò mọ̀, ó kàn ń ké e ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Nígbà tí Bàbá kú, kí n tó dé, wọ́n ti tẹ́ òkú rẹ̀. Mi ò lè tún ṣe ìyẹn." Ó ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Ayálégbé fẹ́ kó wọlé lóṣù kẹsàn-án.

Bí mo bá ní rárá, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Orí ta ni yóò wà?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Mọ́mì pé Bọ̀dá ń bọ̀ wá mú un. Mo ti ń gbìyànjú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń lọ́ òwú mọ́ ìka rẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún ayálégbé náà pé fèrèsé yàrá ẹ̀yìn kì í tì dáadáa. Kó máa gbé e sókè díẹ̀ kó tó tì í."

Ìyẹn nìkan. Mo padà sídìí máṣíìnì, mo rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ọrùn rẹ̀, torí omi ti kún ojú mi. Mo tú u. Mo tún un rán.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Mo fi rírán sílẹ̀ kí n lè kọ èyí.

Ibi tí okùn aago ti ń ha Mọ́mì ti bó, ó pọ́n, ó sì ń yún un. Mo gbé ìpara wá, mo ní kó bọ́ aago. Ó ní òun á fi í pa fúnra òun. Mo ní, "Mọ́mì, ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi pa á? Sìmẹ́ńtì?" Ó mú ọwọ́ mọ́ra. Mo di ọwọ́ náà mú, kí n má parọ́, mo fi agbára díẹ̀ sí i, mo tú okùn.

Kì í ṣe àpá iná.

Lẹ́tà ni. Lẹ́tà ńláńlá, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti tàdáwà fín sí ara, dúdú bíi ìdí ìkòkò, ó gba gbogbo ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́. Orúkọ ọkùnrin ni. Kì í ṣe orúkọ bàbá mi.

Mọ́mì wo ojú mi, ó ní, "Má bi mí." Mi ò bi í. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mo fi ìpara pa á, ìka mi ń kọjá lórí orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, a ò wo ojú ara wa.

Kí n má baà tún so okùn mọ́ ibi tó bó, mo fà á sókè díẹ̀ lọ sí apá, níbi tí ara ti mọ́ lókè àwọn lẹ́tà náà. Mo ti fẹ́ dìde lọ fọwọ́ nígbà tí aago dún pín-ìn. Mo wò ó. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo dúró. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Márùndínlọ́gọ́rin. Mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Mo sún un sísàlẹ̀ padà sórí lẹ́tà: ìlà méjì. Sókè: mẹ́tàléláàádọ́rin. Sísàlẹ̀: ìlà méjì, lẹ́yìn náà àádọ́jọ! Sókè: mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo wo ìdí aago. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú. Iná ló fi ń wo inú ara. Tàdáwà náà ló dí i lójú! Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, kò rí ọkàn Mọ́mì rárá, ó kàn ń sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu.

Mo pariwo débi pé aládùúgbò kan kànlẹ̀kùn. "Mọ́mì, nǹkan kan ò ṣe yín! Nǹkan kan ò ṣe yín!"

"Ṣé n ò ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀?" ló wí. Àmọ́ òun náà tún wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Okùn aago kò gùn tó fún òkè apá. Mo gé rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò, mo fi kákí tó ṣẹ́kù bò ó, mo rán ojú kan sí i tí aago máa wọ̀, mo fi bọ́tìnnì méjì sí i kí Mọ́mì lè máa dì í bó ṣe fẹ́. Ó gbé e wọ̀ sókè díẹ̀ sí ìgúnpá. Ó bá a mu. Nọ́ńbà ń jáde láti àárọ̀, kò sì fò rárá. A rìn yí pápá ká, ó gòkè díẹ̀ bó ṣe yẹ, a jókòó, ó sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbà ti padà sórí orúkọ náà. Mọ́mì ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún Bọ̀dá. Mo ní kí ni mo máa wá sọ fún un? Ó ní, "Sọ pé wọ́n ti tún aago ṣe."

Bọ̀dá kò ní gbà. Bí aago bá bàjẹ́ nígbà yẹn, kí ló ní kò bàjẹ́ báyìí? Bọ̀dá ò ní gbà láéláé, mo mọ ẹni tí mò ń sọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án

Ó dé ní àárọ̀, ó ti gbé páálí òfìfo sínú ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì, ó gbá a mọ́ra, ó tún wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo gbé tíì fún un. Mo ṣàlàyé: aago ò dúró síbi tó yẹ ni, a ti sún un sókè, ẹ wo nọ́ńbà.

"Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́? Ọrùn ọwọ́ ni gbogbo ayé ń wọ̀ ọ́ sí."

Mo kó ọ̀rọ̀ tí kò bára mu pọ̀. Ó ní, "Àbúrò, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kó lọ. Èmi náà ò fẹ́ fi tipátipá. Àmọ́ aago tó sọ ọgọ́sàn-án lánàá, tó wá sọ àádọ́rin lónìí, mi ò lè fi ẹ̀mí ìyá mi lé e lọ́wọ́." Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù nílé Mọ́mì.

Mọ́mì ní, "Jókòó."

Ó fi ìka tó yọ nínú sìmẹ́ńtì fa ẹ̀gbà náà, kò yọ. Ó nawọ́ sí mi. Mo bọ́ ọ fún un. Ó gbé ọwọ́ òsì sórí tábìlì, níwájú àkọ́bí rẹ̀.

Bọ̀dá kà á. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń pe lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta nìyí?"

"Ẹni tó ní òun máa fẹ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin. Ó fín tèmi sí tirẹ̀, mo fín tirẹ̀ sí tèmi. Ó lọ wá iṣẹ́. Ó wá iṣẹ́ títí ó fi rí ìyàwó."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Bọ̀dá ò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹni tó fẹ́ràn bàbá wa tó Bọ̀dá kò sí láyé yìí. Bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń wúkọ́, gbogbo rẹ̀ ló kọ́ lára Bàbá. Ohùn rẹ̀ le. "Bàbá mọ̀? Àbí ẹ fi í pamọ́ fún un títí ó fi kú?"

"Bàbá yín ló ra ẹ̀gbà yìí," ni Mọ́mì wí.

Ó tì í síwájú Bọ̀dá lórí tábìlì.

"Ọ̀sẹ̀ tí a ṣe ìgbéyàwó ló rí i. Ó kà á bí o ṣe kà á yìí. Ó jáde, kò sọ nǹkan kan. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Mo ti di ẹrù mi kó tó dé. Ó wọlé, ó rí ẹrù, ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Ó wá mú ẹ̀gbà jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ní, 'Kì í ṣe èmi ni kí o fi pamọ́ fún o. Àwọn ará ilé wa ni, ẹnu wọn ti pọ̀ jù.' Òun ló fi í sí mi lọ́wọ́. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ láyé rẹ̀."

Bọ̀dá jókòó padà. Ó ń wo ẹ̀gbà náà lórí tábìlì.

Mọ́mì ní, "Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé. Yàrá kan lọ́dún yìí, yàrá kan lọ́dún mìíràn. Mo ru omi, ó po sìmẹ́ńtì. Ilé yẹn lo fẹ́ fún ayálégbé."

Bọ̀dá mi sunkún. Ọkùnrin tó ti ní ewú lórí! Mọ́mì fi ọwọ́ tó ní orúkọ náà nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó ti fi áńkáṣíìfù fun imú tán, ó ní kí n bọ́ aago náà lápá Mọ́mì. Ó gbé e sórí lẹ́tà: ìlà méjì. Ó gbé e sókè apá: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, torí ọkàn Mọ́mì náà ti ru. Ó fi ìka ara rẹ̀ kan ọrùn Mọ́mì níbi tí iṣan ti ń lù, ó ń kà á sẹ́nu bó ṣe ń wo fóònù. Ó bá a mu. Ó tún un kà. Ó bá a mu.

Ó jáde lọ pe ayálégbé náà pé kó fún òun láyè títí Dókítà á fi sọ̀rọ̀. Páálí òfìfo náà, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Mo ti to aṣọ iléèwé sínú wọn.

Ajé, ọjọ́ kẹta

Mo lọ bẹ Ojúlówó. Ojú tì mí débi pé mo kọ́kọ́ kọjá ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Aago yín dára. Ara Mọ́mì ló dí i." Mi ò là á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ pè mí ní oníjìbìtì níwájú ènìyàn mẹ́fà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá sọ ti ojúlówó náà níwájú wọn."

Àwọn mẹ́fà yẹn kò sí níbẹ̀, àmọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn wà. Mo kọjú sí wọn, mo sọ ọ́ sókè ketekete pé ojúlówó ni aago ọkùnrin yìí. Ọ̀kan nínú wọn ra ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Ojúlówó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó so aago náà mọ́ fóònù Mọ́mì fúnra rẹ̀, kí èmi àti Bọ̀dá lè máa rí i láti ibikíbi. Mo ti gba ṣòkòtò rẹ̀ méjì tó ya, màá bá a tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kọ́là. Kọ́là. Kọ́là. Síìpù gbówó lórí, èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di ìlọ́po méjì.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo parí! Aṣọ tó kẹ́yìn jáde ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ọmọ náà dúró lé mi lórí títí mo fi rán bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí, ara mi sì yá gágá. Ọkọ mi dáná fún wa. Iyọ̀ pọ̀ jù, Mọ́mì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n tú sìmẹ́ńtì. Apá Mọ́mì ti rù, ó ń wò ó bí apá àlejò, àmọ́ ó ń ká ìka rẹ̀ sínú, ó sì ń nà án.

Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ tàdáwà láti ẹnu Mọ́mì fúnra rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí òun ti yẹ ibi tí aago wà wò. Ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sí i, ó yẹ gbogbo nọ́ńbà tó ti wọlé láti ọjọ́ tí a ti sún aago sókè. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Mo di etí àga mú. Bọ̀dá wà lórí fóònù, ó ń gbọ́.

Ó ní, "Oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè lọ sílé yín, Màmá. Kí aago má kúrò lápá yín, kí ẹ má sì fo oògùn."

Mọ́mì ní, "Ṣé ilé mi, àbí ilé ọmọ mi?"

"Ilé yín."

Bọ̀dá kígbe nínú fóònù débi pé Dókítà yíjú wo ẹ̀yìn. Bí mo ṣe jókòó, mi ò mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi. Bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí mi ni, tí mo ti rù pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé pé mo rù ú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A gbé Mọ́mì lọ sílé. Bọ̀dá wá, ó tún fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ṣe, ó tì geere. Ó mú ìnusẹ̀ tuntun tí kì í yọ̀ wá fún ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó fẹ́ ṣe púpọ̀ sí i, Mọ́mì ní kó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mò ń fi áyọ́ọ̀nù na ìṣẹ́tí ẹ̀wù kan nígbà tí mo wo fóònù. Ọkàn Mọ́mì ń gòkè. Ó kọjá àádọ́rùn-ún. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún. Ó ṣì ń gòkè. Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo pè é. Kò gbé e. Mo tún un pè. Kò gbé e. Mo ti wọ bàtà kan, mò ń wá èkejì, nígbà tó gbé e, tó ń mí gúlegúle.

"Mọ́mì! Kí ló ṣe yín?"

"Kí ló fẹ́ ṣe mí? Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni, ìwọ náà tún dé!"

"Ọkàn yín ń sáré!"

"Kó sáré! Ilé tí n kò dé láti oṣù kan àti ààbọ̀, o mọ bí eruku ṣe tó níbẹ̀? Mo ń gbálẹ̀ ni."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Mo ń rọra. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n gbálẹ̀ ilé mi."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo jókòó sórí àga pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mò ń wo nọ́ńbà náà. Ó dúró lókè fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn ló wà, torí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi padà sí àádọ́rin àti díẹ̀. Ó ti jókòó. Ó ṣeé ṣe kó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kó máa wo ìta.

Mo sunkún díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo tan áyọ́ọ̀nù padà.